Ìka Kẹrin Ìyá Súmbọ̀

Ìwé ìkìlọ̀ náà kò ju ìlà mẹ́jọ lọ, Ìyá Súmbọ̀ gan-an ni wọ́n sì gbé e fún pé kó tẹ̀ ẹ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni ẹnu rẹ̀ ń ròyìn fún Theresa bí tòmátì ṣe wọ́n bí ojú ní ọjà Tẹ́mínọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ti ń jẹun nídìí ìwé títẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ojú á gba ọ̀rọ̀ wọlé, ọwọ́ á lé e jáde, kò ní dúró lágbárí rárá. Ìgbà tó fa bébà yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, tó gbé e sókè láti wò ó bóyá etí rẹ̀ gún, ló tó kà á, ó sì rí i pé ọwọ́ ara òun lòun fi gbẹ́ kòtò fún ara òun.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ra kọ̀ǹpútà mẹ́ta. Gbogbo atẹ̀wé ló gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó láàárín ọjọ́ márùn-ún. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá, ọdún 1986, kálukú yóò fi í tẹ orúkọ ogójì akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú máàkì wọn, ẹ̀rọ náà yóò ro máàkì wọn pọ̀, yóò sì tò wọ́n láti orí ẹni tó ṣe ipò kìíní dé ìdí. Atẹ̀wé tí tirẹ̀ kò bá bá ti àwọn olùkọ́ mu yóò kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní yàrá ìtẹ̀wé, yóò lọ máa ṣiṣẹ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn obìnrin.

"Kí ni atẹ̀wé fẹ́ lọ ṣe ní họ́sítẹ́ẹ̀lì?" Theresa béèrè. Ọmọ Oǹdó ni Theresa, ṣùgbọ́n Jos ni wọ́n bí i sí. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta tó kọ́ṣẹ́ jáde, Yorùbá rẹ̀ sì máa ń fẹsẹ̀ kọ Haúsá lójú ọ̀nà.

"Kíka mátírẹ́ẹ̀sì," Yàkúbù dáhùn lẹ́nu ọ̀nà. Ará Ìlọrin tó ń gbé ní àdúgbò Dílímí ni Yàkúbù. Òun ló ń gbé fáìlì láti ọ́fíìsì kan dé èkejì, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì náà tí kì í gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá. "Mátírẹ́ẹ̀sì igba ó lé mẹ́rìnlá. Tí wọ́n bá kà á tán, ó kan bọ́kẹ́ẹ̀tì. Màmá, ẹ tètè lọ ra bírò o, kò sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé níbẹ̀."

"Ìwọ ni bọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí mo máa kà," ni Ìyá Súmbọ̀ wí. "Màá sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdí rẹ̀ ti jò."

Yàkúbù rẹ́rìn-ín, Theresa rẹ́rìn-ín, Ìyá Súmbọ̀ náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ tirẹ̀ kò kọjá eyín. Nígbà tí ọkọ rẹ̀, Olùkọ́ Dúrótoyè, kó o wá sí Jos láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, iṣẹ́ tó mọ̀ kò ju iyán gígún lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ kọ́ ìwé títẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, tòun ti oyún Súmbọ̀ níwájú, débi pé ikùn ló kọ́kọ́ máa ń dé ìdí ẹ̀rọ kí ọwọ́ tó dé. Ọkọ ti kú, Súmbọ̀ ti sọ ọ́ di ìyá àgbà lẹ́ẹ̀mejì, yàrá ìtẹ̀wé yìí ló ṣẹ́ kù tí ń pè é ní ọ̀gá. Àwọn atẹ̀wé méje ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àga rẹ̀ ti gba ìrísí ìdí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíì tó bá jókòó síbẹ̀ fi máa ń yọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, irin gìrìwò kan tí ọkùnrin méjì kì í gbé láìkérora, ló sọ ní Bàbá Dúdú. Kí wọ́n wá ní kó fi Bàbá Dúdú sílẹ̀ kó lọ máa ka bọ́kẹ́ẹ̀tì lábẹ́ ọmọdébìnrin tó ń ṣe mátírọ́ọ̀nù, ẹni tó jẹ́ pé Ìyá Súmbọ̀ fúnra rẹ̀ ló tẹ lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́. Ó ká bébà náà, ó pòṣé, ó sì fún Yàkúbù kó lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n lọ sí yàrá kọ̀ǹpútà. Ọ̀gbẹ́ni Matthias Oyèdélé, olùkọ́ kọ̀ǹpútà, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọmọkùnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tó ti òkè òkun dé bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, tó sì ń rìn bíi pé ilẹ̀ Jos kò mọ́ tó fún bàtà rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ bàtà yín síta," ló wí. "Eruku ọyẹ́ ń pa kọ̀ǹpútà."

Ìyá Súmbọ̀ kò retí bàtà bíbọ́. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ti lu, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ sì ti yọrí jáde bí ìjàpá tó fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyìíká. Ó ká a wọlé, ó tún yọ. Ó fi ẹsẹ̀ kejì bò ó, ó wá ń rìn gìdìgbò gìdìgbò bí ẹni tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Nínú yàrá ọ̀hún, òtútù tó wà níbẹ̀ ju ti ìta lọ. Ẹ̀rọ amúlétutù ń ké, ní oṣù Kejìlá, ní ìlú Jos, níbi tí ètè ènìyàn ti ń là láàárọ̀.

"Ọ̀gá," Ìyá Súmbọ̀ wí, "ta ni ooru ń mú níbí?"

"Kọ̀ǹpútà ni, Mama."

"Òun ni ooru ń mú, èmi ni òtútù á wá pa?"

"Ó máa mọ́ yín lára. Ó rọrùn."

Ó rọrùn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni Matthias fi ń jẹun. Bó bá ní kéèyàn tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ó rọrùn. Bí gbogbo ohun téèyàn kọ bá sá lọ lójú ẹ̀rọ, ó rọrùn. Títí di ọ̀sán ọjọ́ náà, Ìyá Súmbọ̀ ti gbọ́ ọ tó ìgbà mọ́kànlélógún, ó kà á, ó sì ń wù ú pé kó dìde kó fa ọmọkùnrin náà létí lọ bá ìyá rẹ̀ nílé.

Ìdààmú rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọwọ́ òsì. Bí wọ́n bá tẹ ìlà kan dé òpin lórí Bàbá Dúdú, agogo á dún tín, ọwọ́ òsì á sì fò sókè láti ti irin orí ẹ̀rọ padà fún ìlà tuntun. Kọ̀ǹpútà kò ní irin lórí, kò sì ní agogo. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ fún ọwọ́ òsì? Bí ìlà bá ti gùn díẹ̀, ọwọ́ á fò, á sì gbá ojú ẹ̀rọ létí. Pàá.

"Mama, ẹ má lù ú."

"Ẹ dákun, ọ̀gá. Mi ò mọ̀ọ́mọ̀."

Orúkọ mẹ́ta sí i. Pàá.

"Mama."

"Ọwọ́ ni. Èmi ò rán an."

Theresa ti fojú pamọ́ sínú súẹ́tà, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. "Kái, Màmá, wallahi ẹ máa fọ́ ọ lójú," ló wí. Kódà Ìyá Súmbọ̀ náà bú sẹ́rìn-ín nígbà tó gbá a ní ìgbà kẹsàn-án, nítorí ó rántí pé òun kò gbá ọmọ òun kankan tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọwọ́ òsì ti gbọ́ràn díẹ̀. Ó ti tẹ orúkọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó ń sáré lọ sí òpin, ni Nẹ́pà bá mú iná lọ. Nígbà tí iná dé, ojú ẹ̀rọ ṣófo bí àwo ọmọ ilé kéwú.

"Níbo ni wọ́n lọ?" Ìyá Súmbọ̀ béèrè.

"Ẹ ò fi wọ́n pamọ́," Matthias wí. "Ẹ gbọ́dọ̀ máa fi í pamọ́ sínú dísíìkì pẹlẹbẹ yìí ní gbogbo ìgbà. Mo sọ ọ́ lánàá."

"Lórí Bàbá Dúdú, tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ nìyẹn. Bí ìlú bá jó, á wà lórí bébà."

"Kọ̀ǹpútà yàtọ̀, Mama. Ó rọrùn."

Ìyá Súmbọ̀ wò ó láti orí dé ìbọ̀sẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, bó bá ti tẹ orúkọ márùn-ún, á fi í pamọ́, á sì fi ọwọ́ tẹ pẹlẹbẹ dúdú náà bí ẹni tó ń tẹ orí ọmọ sùn.

Ọ̀ràn gan-an bẹ́ ní ọjọ́rú. Ó tẹ orúkọ ogójì pé, máàkì ìdánwò márùn-ún níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó mọ́ lóló. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún tó kọjá ni, gbogbo ènìyàn sì ti mọ bí èsì wọn ṣe rí. Kúbúrá ọmọ Aláàjì ló ṣe ipò kìíní, ọmọbìnrin kan tó já fáfá tí ń kọ́ṣẹ́ oúnjẹ sísè. Ẹni ìkẹyìn ni Ṣàmsúdéènì, tó máa ń sùn ní kíláàsì débi pé olùkọ́ kan fi pálí bo orí rẹ̀ nígbà kan nítorí oòrùn fèrèsé. Matthias tẹ bọ́tìnnì tó ní kí ẹ̀rọ ro máàkì pọ̀. Ẹ̀rọ náà rorí díẹ̀, ó sì kó ìdáhùn jáde.

Ṣàmsúdéènì wà ní ipò keje. Kúbúrá wà ní ìdí pátápátá, ohun tó sì gbà kò ju òdo lọ.

"Kí lẹ tẹ̀?" Matthias béèrè.

"Ohun tí wọ́n kọ ni mo tẹ̀."

"Kò lè jẹ́. Ẹ̀rọ kì í ṣìṣe."

Ìyá Súmbọ̀ tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òdo ni Kúbúrá tún gbà. Ní ọ̀sán, ó pe Yàkúbù wọlé, Yàkúbù bọ́ bàtà, ó sì ń pe máàkì láti inú ìwé àwọn olùkọ́ bí ẹní ń kéwú, òun ń wò ó lójú ẹ̀rọ.

"Kúbúrá. Mọ́kànlélọ́gọ́rin."

"Ó wà níbẹ̀."

"Mọ́kànléláàádọ́rin."

"Ó wà níbẹ̀."

"Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Kái, orí ọmọ yìí pé o."

"Máa pè é lọ, jàre. Ó wà níbẹ̀."

Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó tún un tẹ̀ ní ìgbà kẹta, òdo ni. Ti Theresa, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ obì, jáde ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, Kúbúrá lókè, Ṣàmsúdéènì nílẹ̀ níbi tí Ọlọ́run fi í sí. Ìyẹn ló dun Ìyá Súmbọ̀ jù. Òun ló kọ́ Theresa bí wọ́n ṣe ń gbé àkọlé sí àárín bébà.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Matthias fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, àánú tó wà nínú ohùn náà sì ta Ìyá Súmbọ̀ lára ju èébú lọ.

"Mama, mo ti wò ó. Ó jọ pé ojú yín ti ń ṣú. Ìka yín náà kò dúró sójú kan mọ́. Kì í ṣe ẹ̀bi yín, ọjọ́ orí ni. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé fún Rejísírà kó má baà rí i bí ìwà àìbìkítà. Ẹ ò ṣe kúkú fara balẹ̀ gba họ́sítẹ́ẹ̀lì? Iṣẹ́ ibẹ̀ rọrùn."

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá," Ìyá Súmbọ̀ dáhùn. 'Ẹ' ọ̀wọ̀ tó fi ń bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Ajé nítorí ipò rẹ̀, ó fi sílẹ̀ níbi tó dé yìí. "Ṣé o ti parí? Ọmọ ọdún mélòó ni ìyá rẹ?"

"Mọ́kàndínláàádọ́ta."

"Ẹgbẹ́ mi ni. Kí i fún mi. Sọ fún un pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú."

Ó wọ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ti ọ̀tún sẹ́sẹ̀ òsì, ó sì rìn bẹ́ẹ̀ dé yàrá ìtẹ̀wé kó tó mọ̀.

Àwọn yòókù ti lọ sílé. Yàkúbù nìkan ló jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ kúlíkúlí. Ìyá Súmbọ̀ ti bébà bọ ẹnu Bàbá Dúdú.

"Kí lẹ fẹ́ tẹ̀ nísinsìnyí?" Yàkúbù béèrè.

"Lẹ́tà. Kí wọ́n tó lé mi ní ọ̀la lójú Theresa, màá ti kọ ọ́ pé èmi ni mo fẹ́ lọ. Dúró kí o bá mi gbé e fún Rejísírà."

Yàkúbù kò rí ẹ̀fẹ̀ ṣe. Ó pa kúlíkúlí dé.

Lẹ́tà náà kò wu Ìyá Súmbọ̀ í tẹ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń falẹ̀, tó ń tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹní ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, ojú rẹ̀ sì wálẹ̀ wá bá ọwọ́ rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà oyún Súmbọ̀, ó ń wo ohun tí ìka rẹ̀ ń ṣe. Ó tẹ orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó tẹ orúkọ ìlú. Ó dé orí déètì, ọjọ́ kọkànlá. Ìka kẹrin ọwọ́ ọ̀tún tẹrí ba, kò lọ sókè níbi tí nọ́ńbà wà, ìlà àárín ló sùn lé, ó sì tẹ lẹ́tà l kékeré. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Lórí bébà, kọkànlá ni, ó dúró gbọn-in, ẹnikẹ́ni ò lè bá a wí.

Ìyá Súmbọ̀ ká ọwọ́ kúrò.

"Yàkúbù."

"Màmá."

"Wá bá mi wá nọ́ńbà ení níbí."

Yàkúbù wá, ó tẹ̀ ba, ó ń fi ìka tó ní òróró kúlíkúlí tọ ìlà nọ́ńbà láti òsì. "Èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin..." Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó wo abẹ́ ẹ̀rọ. "Kò sí ení. Orí èjì ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti jí i."

"Wọn ò jí i. Kò ní in láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Àwọn tó ṣe é ní kí l máa bá a ṣe é, torí ojú kan náà ni wọ́n jọ ní. Ọjọ́ kejì tí mo dé ṣọ́ọ̀bù ni ọ̀gá mi kọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, mi ò ronú kàn án mọ́."

"Ti Theresa ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ tuntun, oníná, ló kọ́ṣẹ́ lórí ẹ̀. Ení wà lórí tiẹ̀."

Ó fa àpò rẹ̀ yọ, ó tú bébà tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde síta, ó sì gbé bírò. Máàkì Kúbúrá márààrún, kò sí èyí tí ení kò parí. Mọ́kànlélọ́gọ́rin, mọ́kànléláàádọ́rin, mọ́kànléláàádọ́rùn-ún, mọ́kànlélọ́gọ́ta, mọ́kànléláàádọ́rin. Kọ̀ǹpútà tí kì í wo ojú kò rí nọ́ńbà níbẹ̀, lẹ́tà ló rí. Ta ló sì ń ro lẹ́tà pọ̀? Ó wo ti Ṣàmsúdéènì. Ọgbọ̀n-ó-lé, ogójì-ó-lé, ení kan ṣoṣo kò sí nínú rẹ̀. Oorun ọmọkùnrin náà ti gbà á là.

Ẹ̀rín wá mú Ìyá Súmbọ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ̀ lórí àga ara rẹ̀, àga tí kì í yọ̀ ọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ níta, ó ń fi ọwọ́ gbá itan.

"Màmá, ṣé kí n pe ènìyàn?" Yàkúbù béèrè.

"Pe ẹni tó máa gbé mi dìde. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Yàkúbù. Ìka mi ti ń purọ́ fún gbogbo ìpínlẹ̀ Plateau láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, gbogbo wọn ló sì ń gbà á gbọ́."

Ó fa lẹ́tà náà yọ lẹ́nu Bàbá Dúdú. Kò ya á. Ó ká a sínú àpò.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Rejísírà jókòó sínú yàrá kọ̀ǹpútà pẹ̀lú kóòtù nínípọn, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sì dúdú kedere. Ìyá Súmbọ̀ wọ ìbọ̀sẹ̀ Olùkọ́ Dúrótoyè olóògbé, èyí tó gùn dé orúnkún, tí ihò kankan kò sí lára rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Yàkúbù àti ọlọ́gbà kan, láìwọ bàtà, tí wọ́n ń kérora bọ̀ pẹ̀lú Bàbá Dúdú láàárín wọn.

"Mama, eruku," Matthias wí.

"Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀. Ẹ gbé e síbí." Ìyá Súmbọ̀ yíjú sí Rejísírà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ọ̀gá àgbà, ẹ máa bínú. Kí n tó tẹ nǹkan kan, mo fẹ́ kí Ọ̀gbẹ́ni Matthias bá mi fi ẹ̀rọ yìí tẹ déètì òní. Nọ́ńbà nìkan. Ó rọrùn."

Matthias wo Rejísírà. Rejísírà mi orí. Matthias jókòó, ó na ìka, ìka náà dúró sí òfuurufú. Ó wo ìlà òkè láti òsì sí ọ̀tún. Ó wò ó láti ọ̀tún sí òsì. Ó gbé bébà sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀, bí ẹni tí òròmọdìyẹ rẹ̀ sọnù.

"Ìṣẹ́jú kan," ló wí.

"Ó tó méjì báyìí," Yàkúbù wí láti ẹnu ọ̀nà.

"Ibo ni ení wà?" Matthias béèrè níkẹyìn.

Ìyá Súmbọ̀ na ìka kẹrin ọwọ́ ọ̀tún láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó tẹ l, ó sì tẹ èjì tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà kejìlá jáde lórí bébà. Ó wá ṣàlàyé, kò pẹ́. Matthias kò gbójú kúrò lórí bébà náà. Ó fa ẹ̀dà tí Ìyá Súmbọ̀ tẹ̀ jáde lọ́jọ́rú, ó sún un mọ́ ojú, ó tún sún un sí i.

"Àwọn wo ni ó tún kọ́ṣẹ́ lórí irú ẹ̀rọ yìí?" Rejísírà béèrè.

"Gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ mi, àyàfi Theresa. Mẹ́fà. Wọ́n wà níta, wọ́n ń ṣàdúrà nínú ìbọ̀sẹ̀ wọn."

"Ìwé tí ẹ kọ sí mi lánàá ńkọ́, Ọ̀gbẹ́ni Oyèdélé, pé ojú Mama ti ń ṣú?"

Matthias nu òógùn ojú, ó sì jọ pé òun nìkan ni ooru ń mú nínú yàrá náà.

"Síbẹ̀, mo ṣì ní láti rí i kó tẹ̀ ẹ́," Rejísírà wí. "Ìkìlọ̀ ni ìkìlọ̀."

Ìyá Súmbọ̀ fa àkísà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ nínú ọmú, ó fi so ìka kẹrin náà bí ẹní so ewúrẹ́ olè mọ́lẹ̀, ó sì jókòó. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ tòmátì lọ́tẹ̀ yìí. Ojú rẹ̀ wà lórí ọwọ́. Bí ení bá dé, ìka kẹrin á fẹ́ sùn, àkísà á rán an létí, ìka mìíràn á sì gòkè lọ mú ení tòótọ́ wá. Ó lọ́ra bí ìgbín. Ní orúkọ karùn-ún, ó fi pamọ́. Ní ìkẹwàá, ó fi pamọ́. Ọwọ́ òsì gbá ẹ̀rọ létí ní ìgbà méjì péré.

Ó fi ogójì pamọ́, ó ń nawọ́ sí bọ́tìnnì tó ń ro ó pọ̀, ni Nẹ́pà bá mú iná lọ. Ẹ̀rọ amúlétutù kérora, ó dákẹ́. Rejísírà wo aago, ó dìde, ó ń wá bàtà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró," Matthias wí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì dí i. "Iṣẹ́ Mama kò lọ. Ó wà nínú pẹlẹbẹ. Ẹ fún wa ní àkókò díẹ̀."

Wọ́n jókòó. Yàkúbù pín kúlíkúlí, kódà Rejísírà gba méjì. Ó tó ìṣẹ́jú márùndínlógójì kí iná tó dé. Matthias fúnra rẹ̀ ló ti pẹlẹbẹ bọ ẹnu ẹ̀rọ, orúkọ ogójì sì jáde láìdín ẹyọ kan. Ìyá Súmbọ̀ tẹ bọ́tìnnì. Kúbúrá gòkè, ọ̀ọ́dúnrún ó lé márùndínlọ́gọ́rin. Ṣàmsúdéènì sọ̀ kalẹ̀ sí ìdí, ó ń sun lọ. Rejísírà gbé ìwé àwọn olùkọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi bírò tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì bọwọ́ lù ú.

"Ẹ padà sí àga yín, Mama," ló wí.

"Àwọn mẹ́fà tó wà níta ńkọ́?"

"Ẹ kọ́ wọn. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni tiwọn."

Matthias tẹ̀ lé Ìyá Súmbọ̀ síta, ó gbé bàtà rẹ̀ sílẹ̀ fún un, ti ọ̀tún sí ọ̀tún. "Mama, ẹ máa bínú," ló wí. "Mi ò fọwọ́ kan irú ẹ̀rọ yẹn rí láyé mi."

"Mo rí i, ọmọ mi. O wá ení bí ẹni tó wá ìdí rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ṣùgbọ́n o dí ọ̀nà mọ́ Rejísírà fún mi, màá kí ìyá rẹ nítorí ìyẹn." Ó fa lẹ́tà tó tẹ̀ lánàá yọ nínú àpò, ó dà kúlíkúlí tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ Yàkúbù sínú rẹ̀, ó wé e, ó sì gbé e fún un. "Gbà, jẹ ẹ́ lọ sílé."

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, wọ́n ti gbé Bàbá Dúdú padà sí àyè rẹ̀. Ìyá Súmbọ̀ jókòó, ìdí rẹ̀ wọ inú àga bí ọwọ́ ṣe ń wọ àpò. Ìwé kan wà láti tẹ̀ sí àwọn òbí, ó sì ń sọ bí ẹ̀wà ṣe wọ́n fún Theresa bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ó dé orí déètì, ọjọ́ karùndínlógún. Kò so àkísà mọ́, ìka sì ti kọ́gbọ́n. Ó gòkè lọ sí ìlà nọ́ńbà, sí òsì pátápátá, láti wá ení.

Irin lásán ni ìka bá. Èékánná rẹ̀ kán.

Ìyá Súmbọ̀ wo ìka náà, ó wo ẹ̀rọ náà, ó sì pòṣé tó gùn débi pé Yàkúbù gbọ́ ọ láti ìta.

"Màmá, kí ló dé?"

"Wá gé ìka yìí fún mi," ló wí. "Kò sí ẹ̀rọ tó ń gbọ́ tiẹ̀ mọ́."